Katakata Lóko Àna

Ẹ má bá mi sọ pé bàbá mi ló ba ọ̀rọ̀ èmi àti Jẹ̀lílì jẹ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ní Hyattsville níbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mirí, wọ́n á ní "pẹ̀lẹ́, ọmọ mi", bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú dé. Inú á sì máa bí mi. Bàbá mi ṣe tirẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, mi ò sì ní gbèjà rẹ̀. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi fara mọ́ "ó", nítorí inú tó ń bí mi kò tíì lọ tán.

Ọmọ́kẹ́mi lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí níbi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ní Hyattsville. Mo ti wọ girama ní Nàìjíríà kí a tó kó wá sí Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí Yorùbá ṣì fi wà lẹ́nu mi báyìí. Ilé àwọn òbí mi wà ní Hillcrest Heights. Obìnrin ni gbogbo wa tí wọ́n bí, èmi ni mo kẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti lọ sílé ọkọ.

Nígbà tí bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀, fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ní òun ò ní kú láìní ilẹ̀ tó ṣeé rìn yí ká. Ó bá ra ilẹ̀ sí Brandywine, ní ìsàlẹ̀ agbègbè wa lọ́hùn-ún, níbi tí ilé ti jìnnà síra. Ọmọ Èkó ni bàbá mi o. Ẹbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí i sí, kò fi ọkọ́ kanlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ra ilẹ̀ náà tán báyìí, ó ra bàtà rọ́bà, ó ra akẹtẹ̀ ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "oko mi". Koríko oko ọ̀hún mu mí dé àyà.

Mo ń ráhùn ọ̀rọ̀ koríko yìí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, Ànti Kúlísúmù sì gbọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n níbi iṣẹ́ wa, obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, tí ọ̀rọ̀ náà á sì dún wọni lára.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní katakata kékeré kan," wọ́n ní. "Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ilé-ìwé ló ń tún ṣe. Tó bá di Sátidé, á máa bá àwọn èèyàn tún ilẹ̀ wọn ṣe. Capitol Heights ló ń gbé. Kò tíì níyàwó."

"Ànti, koríko ni mo ní."

"Mo gbọ́. Koríko náà ni mo ń sọ."

Jẹ̀lílì dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Katakata náà wà lórí tírélà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, kò tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní títóbi. Jẹ̀lílì fúnra rẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi nínú koríko yẹn, a ò sì rí i mọ́ títí tó fi dìde. Mo rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, òun náà rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí oòrùn tó mú gan-an, ó ti gé gbogbo iwájú ilẹ̀ náà. Bàbá mi dìde lórí àga tó gbé sábẹ́ igi.

"Jẹ̀lílì, ṣé o ò ní ohun tó lè tú ilẹ̀ níbẹ̀? Mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀."

"Ó wà lórí tírélà, sà. Mo kàn máa yọ èyí tó ń gé koríko kúrò ni, kí n so atúlẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnìkan máa bá mi dúró lápá kejì."

Bàbá mi padà jókòó. Èmi ni mo lọ.

Jẹ̀lílì pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi sápò.

"Kí ló dé tí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́?" mo bi í.

"Nítorí ọ̀pá yìí ni." Ó fọwọ́ han ọ̀pá kúkúrú kan láàárín ẹ̀yìn katakata, èyí tó máa ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ síbi irin tí wọ́n bá so mọ́ ọn. "Tó bá ń yí, tó bá gbá aṣọ yín mú, kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò mi, kò sẹ́ni tó lè tan án nígbà tí ọwọ́ yín bá wà níbẹ̀."

Mo wò ó dáadáa. Ọkùnrin tí mo ń bá rìn ṣáájú ìgbà yẹn, mi ò rò pé ó rántí pé mo lọ́wọ́.

Ó kọ́ mi bí a ti ń ṣe é. Ó máa ń fi ẹ̀yìn katakata sún mọ́ irin tó fẹ́ so, díẹ̀díẹ̀, títí apá irin méjèèjì tó yọ lẹ́yìn á fi dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Apá òsì la kọ́kọ́ ń so, torí pé kò ṣeé gbé sókè-sódò. Apá ọ̀tún ló ṣeé yí kó ga tàbí kó wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, irin àárín tó wà lókè. Ọ̀pá tó ń yí ló máa ń gbẹ̀yìn. Tó bá ti wọlé, á ní kí n fà á, kí n rí i bóyá ó ti dì mú lóòótọ́. Atúlẹ̀ yẹn wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Níbi tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ tì í kí ihò lè ko ihò, ó fún ìka mi mọ́ àárín irin. Jẹ̀lílì gbá ọwọ́ mi mú kíá, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó dùn yín?"

"Rárá."

Ó dùn mí débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò gba ọwọ́ mi padà.

Láti ọjọ́ yẹn, Sátidé kan ò lọ kí bàbá mi má rántí nǹkan. Ó ní àgbọ̀nrín ń jẹ ẹ̀fọ́ òun, òun fẹ́ ṣọgbà. Jẹ̀lílì lọ ra irin gbọọrọ tó ń lu ihò, ó fi lu ihò òpó yí ilẹ̀ náà ká. Bàbá mi ní ọ̀nà tó wọlé ti di kòtò. Jẹ̀lílì ra irin pẹrẹsẹ tó ń há ilẹ̀, ó fi tẹ́ ọ̀nà náà dan. Bí wọ́n bá já òkúta sílẹ̀, á fi bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú kó o lọ síbi tí bàbá mi bá nàka sí. Ní ìgbà kejì tó wá, bàbá mi fọwọ́ sápò, ó fẹ́ fún un ní nǹkan. Jẹ̀lílì ní, "Ẹ fi sílẹ̀, sà." Bàbá mi fi sílẹ̀. Kò tún ki ọwọ́ bọ àpò mọ́ láyé.

Mo bi Jẹ̀lílì léèrè. A wà lẹ́yìn tírélà, mo ti ń pè é ní "o" nígbà yẹn, òun náà ti ń pè mí ní Ọmọ́kẹ́.

"Kí ló dé tí o ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Dádì?"

Ó ń fi gíríìsì pa ọ̀pá tó ń yí, kò gbójú sókè. "Ọ̀dọ̀ bàbá mi àgbà ni mo dàgbà sí, ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà táwọn ń fẹ́ ìyá àgbà, oko àna làwọn ń lọ. Ebè làwọn ń kọ, àwọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bàbá tí kò bá fẹ́ ọ, kò ní jẹ́ kí o fi ọkọ́ kan ilẹ̀ òun. Tó bá ti jẹ́ kí o ṣiṣẹ́, ó ti gbà ọ́ nìyẹn."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi.

"Jẹ̀lílì, ṣé ò ń fẹ́ mi ni?"

"Kí ni mo wá ń ṣe ní Brandywine látọjọ́ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì nu ojú. Inú mi dùn, ẹ ẹ̀ lè mọ̀ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ti ń bẹ̀rù pé kò ní sí ẹni tó máa fara balẹ̀ wá mi wá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni mo fi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń retí Sátidé. Tí ìsìn bá parí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, màá wọ reluwé lọ sí Capitol Heights, á ti se ìrẹsì tí kò jinná dáadáa dè mí, a ó jọ jẹ ẹ́. Tó bá sì di Sátidé, a ó wà lẹ́yìn katakata, òun lápá òsì, èmi lápá ọ̀tún. Ó yá, kò tún nílò láti sọ ohunkóhun fún mi mọ́. Bó bá ti pa ẹ́ńjìnnì, tó bá ti fi kọ́kọ́rọ́ sápò, màá ti mú píìnì, irin kékeré tó ń dì í mú, lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń gbàdúrà pé kí bàbá mi tún rántí iṣẹ́ mìíràn. Bí mo ṣe ya dìndìnrìn tó nìyẹn.

Mọ́mì rí wa. Ìyá wo ni kò ní rí i? Wọ́n fà mí sí kíṣìnnì.

"Ṣé Dádì rẹ mọ̀?"

"Jẹ̀lílì ní wọ́n ti mọ̀. Ó ní tí wọn ò bá fẹ́, wọn ò ní jẹ́ kó máa wá."

Mọ́mì dojú kọ mí. "Kò sọ nǹkan kan fún èmi o," wọ́n ní, wọ́n sì padà sídìí ọbẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ bàbá mi. Ó máa ń pín oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú Jẹ̀lílì lábẹ́ igi. Wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á jọ máa bú àwọn olóṣèlú Nàìjíríà. Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi! Nínú ilé wa, ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo ní, ó ti gbà á. Kí ló tún kù?

Nígbà òtútù, yìnyín já bọ́ gan-an. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Jẹ̀lílì ti dé Hillcrest Heights, ó ti so irin fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó ń ti yìnyín mọ́ iwájú katakata. Ó kó ti iwájú ilé wa. Bàbá mi jáde pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó ní, "Jẹ̀lílì, ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kọ́? Àwọn arúgbó ò ní rí ibi páàkì sí lọ́jọ́ Àìkú." Jẹ̀lílì, ọmọ Mùsùlùmí, lọ kó gbogbo yìnyín iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá mi gbá a léjìká níwájú àwọn àgbà ìjọ, ó ní, "Ọmọkùnrin mi rèé o."

Nínú ọkọ̀ nígbà tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, ojú Jẹ̀lílì ń dán.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí Dádì pè mí?"

"Mo gbọ́. Ìgbà wo lo máa bá wọn sọ̀rọ̀ nípa wa?"

"Kí n parí ọ̀rọ̀ omi yẹn ná. Omi máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀ wọn tí òjò bá rọ̀. Mo fẹ́ ra apá irin tó ń gbẹ́ kòtò. Tí omi ò bá dúró síbẹ̀ mọ́, kò sí ohun tí wọ́n máa rí fi kọ̀ mí."

"Ohun tí o sọ nígbà tí ò ń ṣọgbà nìyẹn."

"Èyí ló kẹ́yìn."

"Jẹ̀lílì, jẹ́ ká lọ sí Upper Marlboro. Kóòtù ń so èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Tí a bá ti ṣe é, a ó wá padà wá dọ̀bálẹ̀."

Ó dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Èmi kì í ṣe olè, Ọmọ́kẹ́. Mi ò ní jí ọmọ ọlọ́mọ gbé."

"Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ta ló fẹ́ jí mi gbé?"

"Ẹnu bàbá rẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde."

Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo tiẹ̀ fi ń yangàn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi, pé ọkùnrin tèmi yàtọ̀, pé ọmọ tó mọ àṣà ni. Tí mo bá rántí ìyangàn yẹn báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Nígbà tí ilẹ̀ yọ́, ó ra apá irin tó ń gbẹ́ kòtò. Ti èyí ò rọrùn bíi ti àwọn yòókù. A ní láti yọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn katakata, a tẹ́ pátákó sílẹ̀ kí irin náà má bàa rì, a so àwọn rọ́bà tó ń gbé epo wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan gbáko ló gbà. Bàbá mi ń wò wá láti orí àga, ó ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́ o". Jẹ̀lílì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò, láti Sátidé kan dé èkejì.

Ànti Kúlísúmù ni wọ́n bi mí lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán.

"Ìgbà wo la ń bọ̀ wá rí àwọn òbí rẹ?"

"Jẹ̀lílì ní tí kòtò bá parí, Ànti."

"Kòtò wo?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo sọ ti Ìsẹ́yìn, mo sọ ti oko àna. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n pe Jẹ̀lílì lórí fóònù lójú mi, wọ́n tan ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́.

"Jẹ̀lílì, ta ló sọ fún ọ pé iṣẹ́ ló ń ṣáájú?"

"Ànti, bàbá àgbà ni…"

"Bàbá àgbà ni bàbá tèmi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ìwọ ò kàn dúró gbọ́ ọ tán ni. Wọ́n ti fi ẹnu tọrọ ìyá mi kí wọ́n tó gbé ọkọ́ lọ. Ìdílé ti lọ jókòó, àna ti dáhùn. Àna mọ ẹni tó ń roko òun. Ṣé bàbá Ọmọ́kẹ́mi mọ ẹni tó ń roko tirẹ̀?"

"Wọ́n ń gba iṣẹ́ náà, Ànti."

"Èmi náà máa gbà á, tí o bá wá tún ilẹ̀ tèmi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

Ànti pa fóònù, wọ́n gbé ṣíbí wọn padà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá. Bàbá Jẹ̀lílì ti dolóògbé; Ànti Kúlísúmù àti Alhaji Tájù, àbúrò bàbá náà, ni wọ́n wọlé. Jẹ̀lílì dúró sínú ọkọ̀ níta. Èmi àti Mọ́mì wà ní kíṣìnnì, a ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Inú bàbá mi dùn sí wọn. Ó ní kí a gbé ohun mímu wá fún àwọn èèyàn Jẹ̀lílì. Alhaji Tájù dúpẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ yí ká díẹ̀, wọ́n wá là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ àwọn fẹ́ fi Ọmọ́kẹ́mi ṣaya.

Bàbá mi yọ dígí ojú rẹ̀.

"Jẹ̀lílì? Jẹ̀lílì tèmi yìí?"

"Òun náà ni, sà," Alhaji Tájù dáhùn.

Bàbá mi gbé dígí náà lé orí tábìlì. "Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ọlọ́run rí mi. Ṣùgbọ́n kò sọ fún mi lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi ò lè fẹ́ Mùsùlùmí, Alhaji. Ẹ má bínú. Ṣọ́ọ̀ṣì la bí wọn sí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìjọ?"

"Ìjọ tí Jẹ̀lílì kó yìnyín iwájú rẹ̀?" Ànti Kúlísúmù béèrè.

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Ọkùnrin kan ń tún ilẹ̀ yín ṣe látèṣín, kò gba kọ́bọ̀," Alhaji Tájù ní. "Kí lẹ rò pé ó ń wá, sà?"

Bàbá mi wo ilẹ̀. "Mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọdé. Mo gbọ́ ọ, ó sì ká mi lára, mi ò ní sọ pé kò ká mi lára. Bàbá tí kò bí ọkùnrin ni. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, pé kò kà á sí wíwá ọmọ, kò sì fi ọjọ́ kan wo ẹni tó ń bá Jẹ̀lílì so irin. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó tún kàn án ló jẹ́ kí ojú mi là.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èyí da àárín wa rú. Ẹ sọ fún un kó ṣì máa bọ̀ ní Sátidé. Kòtò yẹn ò tíì parí."

Ànti Kúlísúmù dìde. Wọn ò fọwọ́ kan ohun mímu wọn. Mo jáde láti kíṣìnnì, Mọ́mì di aṣọ mi mú lẹ́yìn, mo já a gbà.

"Dádì, mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin lẹ bí mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n èmi ni mo fẹ́ lọ gbé ilé rẹ̀, kì í ṣe ìjọ. Màá fẹ́ ẹ."

Bàbá mi ò bínú. Ìyẹn ló tún burú jù. "Mi ò lè dè ọ́ mọ́lẹ̀," ó ní. "Amẹ́ríkà nìyí, kóòtù wà. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ débẹ̀."

Mo ní ó ti tán nìyẹn. Bàbá ò ní lọ, ṣùgbọ́n kò dí ọ̀nà. Ọwọ́ èmi àti Jẹ̀lílì ló kù sí. Mo sáré jáde láti lọ sọ fún un, ṣùgbọ́n àwọn Ànti ti wọnú ọkọ̀, Jẹ̀lílì ti ń wà á lọ. Mo pè é lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn títí, ó ń dá mi lóhùn ṣókí, pé ká rí ara wa lójúkojú.

Sátidé, ó wá sí Brandywine. Ó ní òun ò lè fi kòtò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnìkan má bàa já sí i. Ó parí rẹ̀, ó tẹ́ páìpù sí i, ó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bàbá mi wà lábẹ́ igi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa díẹ̀. A tú apá irin tó ń gbẹ́ kòtò kúrò, a gbé e lé pátákó. Ó kù kí a so irin pẹrẹsẹ mọ́ ọn, kó fi tẹ́ ojú ilẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó so apá òsì. Píìnì apá ọ̀tún wà lọ́wọ́ mi.

"Mo ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé," mo ní. "Jẹ́ ká lọ sí Upper Marlboro, ká lọ gba ìwé."

"Ọmọ́kẹ́, Dádì ti sọ̀rọ̀."

"Dádì ní àwọn ò lè dá mi dúró."

"Wọ́n ní wọn ò ní wá."

"Kí wọ́n má wá. Ṣé Dádì lo fẹ́ gbé sílé ni?"

Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún lórí ibi tó ti mọ́. "Mi ò mọ bàbá tó bí mi. Bàbá àgbà ló tọ́ mi, àwọn náà ti lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ gbá mi léjìká rí níwájú èèyàn pé ọmọ òun rèé. Tí mo bá gbé ọ lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé, mi ò ní lè wọ ibí mọ́."

"Tí o ò bá gbé mi lọ ń kọ́?"

Ó wo apá ibi tí bàbá mi jókòó sí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Jẹ́ ká ní sùúrù. Igi tó ṣubú lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, irin kan wà tó ń lọ kùkùté igi kúnná. Tí mo bá rà á, tí mo bá tún ẹ̀yìn yẹn ṣe fún wọn, bóyá ọkàn wọn á rọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo ti rò pé èmi ni ọkùnrin yìí ń wá láti ọdún tó kọjá. Bàbá mi ló ń wá. Bàbá mi ló ń fẹ́, òun ló ń tọrọ, òun ló ń ra irin fún lóríṣiríṣi. Èmi wulẹ̀ ni ẹni tó ń bá a di apá kejì mú. Bàbá mi sì ti gbà á, ó ti gbà á tayọ̀tayọ̀, lójú mi, kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ alárinà.

Mo gbé píìnì náà lé orí táyà. "So apá ọ̀tún fúnra rẹ," mo ní.

"Ọmọ́kẹ́."

"O ti mọ̀ ọ́n ṣe kí o tó mọ̀ mí."

Mo rìn kọjá lọ́dọ̀ bàbá mi. Ó ní, "Ṣé ẹ ti parí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo wọ ọkọ̀ mi, mo sunkún láti Brandywine títí dé Hyattsville, ní ọ̀sán gangan, tí àwọn èèyàn ń wò mí níbi iná tó dá ọkọ̀ dúró. Mo rẹ́ǹtì ilé kan sítòsí ibi iṣẹ́, mo kó ẹrù mi kúrò ní Hillcrest Heights. Jẹ̀lílì pè mí títí, mi ò gbé e. Mo ń retí kó wá kanlẹ̀kùn mi, kó ní òun ti ṣe tán, ká lọ. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ló wá, màá tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Fóònù nìkan ló ń pè. Ó yá, òun náà dákẹ́. Ojú tì í láti máa lọ sí Brandywine, bàbá mi náà sì ń tijú láti pè é.

Ọdún yí po. Bàbá mi pè mí lọ́jọ́ kan, ó béèrè ìlera mi, ó béèrè iṣẹ́, ó sọ ti ojú ọjọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn ló fẹ́ sọ.

"Ọmọ́kẹ́mi, mo pààrọ̀ fóònù mi, mi ò rí nọ́ńbà Jẹ̀lílì mọ́. Koríko ti kún."

"Ẹ pe àwọn òyìnbó tó ń gé koríko, sà."

"Mo ti pè wọ́n. Wọ́n gé e." Ó tún ní, "Wọn kì í jókòó."

Mo ka nọ́ńbà náà fún un láìwo fóònù mi.

Mọ́mì ló sọ ìyókù fún mi, mi ò sì bi wọ́n. Jẹ̀lílì dé ní Sátidé yẹn gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀, bàbá mi fà á dìde, wọ́n di mọ́ ara wọn, wọ́n jọ sunkún. Ó ti ń wá déédéé látìgbà náà. Ó ti ra irin tó ń lọ kùkùté igi kúnná.

Ní oṣù tó kọjá, ó gbé ìyàwó, ọmọbìnrin kan tí Alhaji Tájù bá a rí ní mọ́ṣáláṣí wọn. Wọ́n ní ìdílé ìyàwó béèrè bàbá ọkọ, kí wọ́n rí ẹni tí àwọn máa fọ̀rọ̀ lọ̀. Bàbá mi, tí kò lè bá mi dé Upper Marlboro nítorí ìjọ, bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó wọlé, ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji Tájù, ó sì bá Jẹ̀lílì tọrọ ìyàwó.

Mọ́mì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rò pé mo fẹ́ fi ṣe. Ìyàwó ò sí nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ni, bàbá mi fọwọ́ lé e léjìká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn. Bí mo ṣe ń wò ó, mo ń retí kí inú bí mi, kò sì bí mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó wò mí báyìí rí nínú àwọn méjèèjì.